Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Nítorí Fíìmù ní Dallas

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí ọkọ mi gbé báàgì mi jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ṣakí. Báàgì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó wúwo, nítorí pé òrí ló gba ìdajì rẹ̀. Mo ti rọ òrí náà sínú ike onídèérí, mo fi ọ̀rá wé e ní ìlọ́po méjì, mo sì fi aṣọ mi há a mọ́lẹ̀ kí ó má baà yí.

Ọkọ mi gbé e wò, ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ṣé ìwọ ló ń lọ sí Amẹ́ríkà ni àbí òrí?"

Mo ní àwa méjèèjì ni.

Aránṣọ ni mí. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ni mo ń rán jù. N kò rin ìrìn àjò tó kọjá Èkó rí, nítorí náà ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé Dallas.

Àbúrò mi obìnrin, Rónkẹ́, ti pẹ́ ní Richardson, ìlú kan tó fara ti Dallas ní apá àríwá. Fíìmù ló ń yà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a ń wò nílé, tí ìyá ọkọ ti ń fi ojú ìyàwó rí màbo. Fíìmù tirẹ̀ kò ní òṣèré. Àwọn ènìyàn gidi ló ń yà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n á sì wá fi í hàn lára ògiri nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà. Ó ti lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò kan ní gúúsù Dallas, ní ọ̀nà tó lọ sí Lancaster. Aláwọ̀ dúdú ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n. Àwọn trélà tó ń kó ẹrù láti àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá ti sọ òpópónà wọn di ọ̀nà àbùjá, èéfín wọn sì ń mú kí àwọn ọmọ kéékèèké máa wúkọ́. Àwọn ìyá àdúgbò náà gbé àga jáde, wọ́n lọ jókòó sí àárín títì. Àwọn ìyá yìí kan náà ló ń tọ́jú ẹni tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn láàárín wọn. Wọ́n ń sè fún un, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń dì í nírun.

Aṣáájú wọn ni Miss Loretta. Ọ̀rọ̀ "Miss" yìí kò túmọ̀ sí omidan lẹ́nu wọn. Wọ́n máa ń fi í ṣáájú orúkọ àgbàlagbà obìnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, bí àwa ṣe ń pe ènìyàn ní Màmá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀, Clarence, ṣàìsàn pẹ́ kó tó kú, àwọn obìnrin òpópónà náà ló sì ń wẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn. Rónkẹ́ ya ìwẹ̀ náà. Bàbá gbà kí ó yà á, ìyàwó rẹ̀ náà gbà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣí fíìmù náà fún ará ìlú, Miss Loretta pe Rónkẹ́ wá sílé, ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ mọ́.

Ó ní, "O ti wọ ilé mi, o ti jẹun nínú ìkòkò mi, o ti rí ọkọ mi láìwọṣọ. Èmi kò tíì rí ẹnì kan nínú àwọn ènìyàn tìrẹ. Mú àwọn ènìyàn rẹ wá kí n rí wọn. Ìgbà náà ni n ó sọ bóyá kí o fi ìwẹ̀ yẹn hàn tàbí kí o má fi hàn."

Rónkẹ́ sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí Bísí, bí mo bá fi hàn tí inú wọn kò dùn sí i, olè ni mí. Bí mo bá sì yọ ọ́, kò sí fíìmù. Gbogbo ohun tó ṣáájú ń lọ síbẹ̀ ni."

Àwọn òbí wa ti kú, èmi sì ni àkọ́bí. Mo ní kí ó nu ojú rẹ̀. Mo ní, "Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni màmá yẹn ń béèrè. Kò béèrè ohun tó le." Nílé wa, ẹbí kì í fa ọmọ lé ẹbí tí wọn kò rí lọ́wọ́. Èwo ni kí ènìyàn wá fa ìhòòhò ọkọ rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ orírun rẹ̀ lọ́wọ́? Fíísà tí Rónkẹ́ ti bá mi ṣe láti wá kí i, tí n kò tíì lò, ṣì dára. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo pa ilé ìránṣọ mi dé, mo sì lọ ra òrí.

Mọ́tò gbé wa gba Òkehò. Ìsẹ́yìn ni ilẹ̀ ti mọ́ bá wa, a sì gba ọ̀nà Mọ́níyà wọ Ìbàdàn. Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé bí awakọ̀ bá ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún, kò mutí, kòtò ló ń yẹ̀. Ní Èkó, wọ́n wọn báàgì mi, wọ́n yẹ ìwé mi wò, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rù ti bà mí ṣáájú, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ náà sáré tó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀, ayọ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Mo rí àwọn òrùlé páànù tó ń kéré sí i títí wọ́n fi dà bí bọ́tìnnì lára aṣọ. Mo rẹ́rìn-ín sókè, ọkùnrin tó jókòó tì mí sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi. A pààrọ̀ ọkọ̀ ní ìlú kan ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ta ìgò omi kékeré fún mi ní iye tó lè ra páálí omi mẹ́ta nílé. Mo mu ún ní díẹ̀díẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Dallas, òṣìṣẹ́ kan tó sanra, tó ní irùngbọ̀n, ní kí n ṣí báàgì. Ó gbé ike òrí sókè.

"Kí lèyí?"

Mo sọ orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é. Ó ṣí ìdérí, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní, "Ìyàwó mi ń ra èyí! Ìgò kan báyìí, tí kò tó ìkúùkù mi, dọ́là méjìlá. Ta lo ń gbé odidi ike yìí lọ fún?"

Mo ní, "Àna àbúrò mi."

"Àbúrò rẹ fẹ́ ṣègbéyàwó?"

"Rárá o, fíìmù ló yà."

Ó dé ike náà, ó ní kí n máa lọ.

Rónkẹ́ wà ní gbọ̀ngàn tó ń to àwọn ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sí ògiri, nítorí náà ó rán aládùúgbò rẹ̀ kan wá gbé mi. Ọkùnrin náà rí mi kí n tó rí i, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ láàárín èrò.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Mùsíbáù ni mí, ará Ìlọrin. Rónkẹ́ ní kí n wá obìnrin tó gbé báàgì mọ́ra bí ọmọ tuntun."

A jáde sí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní freeway, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀ tí kò ní iná adarí-ọkọ̀ kankan. Ọ̀nà gun orí ọ̀nà, òmíràn tún gun orí ìyẹn, mọ́tò ń lọ lókè, mọ́tò ń lọ nísàlẹ̀, n kò sì rí ẹsẹ̀ ènìyàn kan lórí ilẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé igbá, kò sí ọmọ tó ń ti táyà, kò sí ewúrẹ́. Mo béèrè ibi tí àwọn ènìyàn wà.

Mùsíbáù ní, "Inú mọ́tò ni wọ́n wà, mà. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò níbí, arọ ni." Ó yà láti ra gas, ìyẹn epo bẹntiróòlù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ tó fà á, kò sí ẹni tó wá bá a fà á.

Nígbà tí a tún gbéra, ó ní, "Rónkẹ́ ní ọ̀dọ̀ Miss Loretta lẹ ń lọ?"

"O mọ̀ ọ́n?"

"Mà! Trélà ni mo ń wà ní Lancaster. Wọ́n ti dá mi dúró rí! Mo yà wọ òpópónà yẹn kí n lè tètè délé, mo bá àwọn ìyá àgbà lórí àga láàárín títì bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn. Mo tẹ fèrè. Èyí tó wà láàárín dìde, ó ń fi ọ̀pá bọ̀. Mo ní, ó parí, yóò bú mi lónìí. Mo sọ gíláàsì kalẹ̀. Kéèkì ló nà sí mi! Ó ní, 'Ọmọ mi, máa jẹ èyí bí o bá ṣe ń padà sẹ́yìn.'"

"O padà?"

"Kí ni n bá ṣe? Kí n tẹ ìyá àgbà mọ́lẹ̀? Mà, ẹ wo bí trélà ṣe gùn, ẹ wo bí ọ̀nà yẹn ṣe há. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń darí mi bí agbèrò: 'Máa bọ̀, máa bọ̀, ọwọ́ òsì rẹ, dúró!' Wọ́n gé paycheck mi, owó iṣẹ́ mi, lọ́sẹ̀ yẹn nítorí pé mo pẹ́." Ó lá ètè. "Ṣùgbọ́n kéèkì yẹn dùn gan-an."

"Ṣé o tún gba ibẹ̀ lẹ́yìn náà?"

"Láéláé. Ìyá yẹn ti bi mí ní orúkọ màmá mi."

Rónkẹ́ kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà apartment rẹ̀, ó sì gbá mi mọ́ra kí ó tó dìde, tó fi jẹ́ pé àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó ti rù. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ó mú mi lọ ra iṣu. Ilé ìtajà àwọn ará wa kan wà nítòsí, wọ́n tò ó sínú páálí, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n bí ẹran. Iṣu kan tí a kò ní fi ṣe àlejò ní Ṣakí, dọ́là mẹ́rìndínlógún. Mo mú méjì, mo fi ìgò oyin kan sí i.

Rónkẹ́ ní, "Àǹtí, wọn kò mọ iṣu o."

Mo ní, "Wọn yóò mọ̀ ọ́n."

Àárọ̀ ni a lọ. Ní gúúsù Dallas, àwọn ilé kékeré onípákó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú àti igi ńlá kan tó ṣíji bò ó. Inú mi dùn láti rí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ní Richardson n kò rí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí kí ó kí ẹni tó ń kọjá. Rónkẹ́ fi fèrèsé àwọn ilé hàn mí. Gbogbo wọn ló ti fa aṣọ fèrèsé wọn sókè. Ó ní òfin òpópónà náà ni: bí o bá jí, fa aṣọ fèrèsé rẹ sókè, kí ẹni tó wà ní òdìkejì mọ̀ pé o jí. Bí tìrẹ kò bá sókè títí oòrùn fi là, wọn yóò wá kan ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ronú nípa ilé wa, níbi tí ẹni tí kò bá jáde kí aládùúgbò láàárọ̀ yóò gbọ́ ìbéèrè kó tó di ọ̀sán. Ohun kan náà ni, àmọ́ àwọn wọ̀nyí ń fi aṣọ fèrèsé kí ara wọn.

Miss Loretta ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó dì í ní ìdì méjì. Mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀, mo gbé iṣu, oyin àti òrí sílẹ̀, mo sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. N kò dìde. Ọ̀rọ̀ tí a bá wá bẹ̀bẹ̀ fún, a kì í yára dìde. A máa ń dúró títí àgbà yóò fi ní, "Dìde, ọmọ mi."

Miss Loretta kò ní kí n dìde. Ó pariwo.

"Odell! Odell, sáré wá, ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́ ti ṣubú!"

Kí n tó la ẹnu, ilẹ̀kùn mẹ́ta ti ṣí ní òdìkejì títì. Obìnrin kan tó ga, tó wọ aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, sáré wá gbá mi mú lábẹ́ apá. Èkejì fi ẹ̀rọ wíwọn ìfúnpá so mí lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta gbé ife omi ọsàn sí mi lẹ́nu, ó ń bi mí bóyá mo ní àtọ̀gbẹ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, omi ọsàn kò jẹ́. Rónkẹ́ fara ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè mí.

Miss Loretta na ọ̀pá sí i. "Kí lo ń fi rẹ́rìn-ín? Ẹ̀gbọ́n rẹ ń kú lọ, o ń yọ eyín!"

"Wọ́n ń kí yín ni, mà," ni Rónkẹ́ sọ nígbà tó rí èémí mí. "Wọ́n kúnlẹ̀ láti fi kí yín ni."

Wọ́n jọ̀wọ́ apá mi. Ẹni tó di ẹ̀rọ mú, Miss Odell, wo nọ́ńbà rẹ̀, ó ní, "Ó dára bí ó ṣe ń kí wa, nítorí ìfúnpá rẹ̀ dára ju tèmi lọ." Ẹ̀rín sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó gbé omi ọsàn fi dà á sí ara rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Miss Loretta gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Dìde, ọmọ mi," bí ẹni tí a kọ́.

Wọ́n fún wa ní oúnjẹ: ẹ̀fọ́ kan tí ewé rẹ̀ nípọn, tí wọ́n fi ẹran tòlótòló tí wọ́n yan lẹ́ẹ̀fín sè títí ó fi rọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe, àti ẹ̀wà. Ẹ̀wà wa ni, olójú dúdú, kò yàtọ̀, àfi pé kò sí epo pupa nínú rẹ̀. Mo bẹ iṣu kan, mo sè é nínú ìkòkò Miss Loretta, a fi oyin jẹ ẹ́. Miss Odell ní ó dà bí ọ̀dùnkún tó lọ sí yunifásítì. Wọ́n ṣí òrí. Miss Loretta fi ìka bù ú, ó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kojú sí mi.

"O mọ ohun tí àbúrò rẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ta ló tọ́jú ìyá yín nígbà tó ń ṣàìsàn?"

Mo ní èmi ni, pẹ̀lú obìnrin méjì tó múlé tì wá. Rónkẹ́ wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, òun ló ń fi owó òògùn ránṣẹ́.

"Ó dára. Sọ òtítọ́ fún mi. Bí ó bá jẹ́ ìyá rẹ ló wà nínú fíìmù yẹn, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, ṣé ìwọ yóò gbà kí àwọn àjèjì wò ó lára ògiri?"

Mo mọ ohun tí mo wá ṣe. Mo rí ojú Rónkẹ́ lára mi. Mo rántí iye tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo rántí ọdún tó ti lò lórí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n màmá àgbà ló bi mí, ó sì ní kí n sọ òtítọ́.

Mo ní, "Rárá, mà. N kò ní gbà."

"Àǹtí Bísí!" Rónkẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́. "Kí lẹ ń sọ yìí?"

Mo ní, "Òun ló bi mí."

Miss Loretta kò gbé ojú kúrò lára mi. "Kí ló dé tí o kò ní gbà?"

Mo sọ fún un pé ìyá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé bí a bá ń wẹ̀ ẹ́, àyàfi àwa mẹ́ta. Àwa ló fi ara rẹ̀ lé lọ́wọ́, kò fi lé àwọn tó wà níta lọ́wọ́. Rónkẹ́ ti bo ojú. Miss Odell ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le díẹ̀: "Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ ohun tí a ṣe fún bàbá yẹn? Àwọn tó ń wa trélà kọjá níbí rò pé kò sí ẹni tó ń gbé ibí."

Mo ní kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ilé tiwa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń kún fún àwọn tó wá kí màmá. Bí wọ́n bá gbọ́ tí a bu omi sínú bàsíà, tí a fún kànìnkànìn nínú rẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró síbi tó dé. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Títí omi yóò fi dákẹ́, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Wọn kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀.

Rónkẹ́ mú ọwọ́ kúrò lójú. Mo mọ ojú yẹn láti kékeré, ojú ẹni tó rí ibi tí okùn ti já. Ó rọra sọ ọ́ ní èdè wọn, kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Mo ní ìró omi yẹn. Mo gba ìró rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ògiri mẹ́ta ni fíìmù náà yóò máa hàn sí. Mo lè pa àwòrán ti àárín. Kí ó ṣú pátápátá, kí omi nìkan máa dún."

Miss Loretta fi òrí pa ọwọ́ kejì. Ó dé ike náà. Ó ní, "Ìwọ Rónkẹ́, mo ti rí àwọn ènìyàn rẹ báyìí. Wọn kì í purọ́ nítorí rẹ. Lọ pa ògiri náà. N ó wá jókòó síwájú. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, n ó dìde, gbogbo òpópónà yìí á sì dìde tẹ̀lé mi."

Rónkẹ́ fi ìbínú wa mọ́tò títí a fi gun freeway. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ kò tiẹ̀ lè rọra sọ ọ́." Mo ní n kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ rárá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì tẹ mọ́tò náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn náà kún. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, èyí tó yà mí lẹ́nu ní ìlú tí wọ́n ti ń gba owó ibi tí mọ́tò sùn sí. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni wọ́n tún ṣe, òkè rẹ̀ ga, ògiri mẹ́ta funfun sì kojú ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sílẹ̀, wọ́n kó àga fún àgbà. Àwọn ará òpópónà náà wá tọkọtaya pẹ̀lú fìlà ìsìn lórí, Miss Loretta sì wà níwájú pátápátá, ọ̀pá láàárín orúnkún. Mùsíbáù náà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Iná kú. Lára ògiri òsì, àwọn ìyá gbé àga sí títì, trélà kan sì ń bọ̀ láti òkèèrè. Lára ògiri ọ̀tún, aṣọ fèrèsé ń gòkè láàárọ̀, ilé dé ilé. Lára ti àárín, ọwọ́ ni: ọwọ́ tó ń bó ọsàn, ọwọ́ tó ń dirun, ọwọ́ tó ń ká aṣọ. Ojú mi kò mọ èyí tí yóò wò. Mo ń yí ọrùn bí ọmọdé ní ọjà. Àwọn ènìyàn ń dá fíìmù náà lóhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni!" "Sọ fún wọn!", ara mi sì tù mí, nítorí nílé náà a máa ń kìlọ̀ fún ẹni inú fíìmù kó má wọ yàrá tí ọ̀tá wà. Nígbà tí trélà náà dé ìtòsí, ohùn kan pariwo lẹ́yìn ní Yorùbá pé, "Mọ́tò mi rèé o! Sàlámọ́tù, wò mí!" Ìyàwó rẹ̀ ní, "Jókòó, o ń tì mí lójú."

Lẹ́yìn náà, ògiri òsì dúró. Ti ọ̀tún dúró. Ti àárín ṣú. A gbọ́ omi tó ń dà sínú bàsíà. A gbọ́ kànìnkànìn tí wọ́n ń fún. Obìnrin kan nínú òkùnkùn náà ní, "Ó gbóná jù, sà?" Ohùn ọkùnrin arúgbó kan dáhùn pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́ nínú gbọ̀ngàn. Mo wo ẹ̀yìn orí funfun Miss Loretta, mo sì rí i pé Rónkẹ́, tó dúró létí ògiri, ń wo ibẹ̀ pẹ̀lú. Omi dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Ọ̀pá Miss Loretta mì. Mo rò pé yóò dìde. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó di ọwọ́ Miss Odell mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin, láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo àwọn ará òpópónà náà gbà á, ó kún ilé náà títí omi fi tán.

Nígbà tí iná tàn, Miss Loretta kò dìde. Rónkẹ́ ló wá bá a níbi tó jókòó sí, ó sì kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó gbé omi ọsàn. Màmá náà gbá a létí fẹ́ẹ́rẹ́, ó ní, "Ohùn Clarence mi. Ohùn rẹ̀ gan-an." Lẹ́yìn náà ó pè mí. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà fóònù mi. Ó ní, "Láti òní lọ, bí ọmọ yìí bá ṣe mí, ìwọ ni n ó fi ẹjọ́ sùn."

Mo gba ọ̀nà tí mo gbà lọ padà sílé, báàgì mi fúyẹ́. Àwọn ènìyàn Ṣakí wá kí mi kú àbọ̀, wọ́n sì ń bi mí bí mo ṣe gba ẹnu àbúrò mi sọ níbẹ̀. Mo ní n kò gbà á sọ. Mo ní òdì rẹ̀ ni mo sọ, ìyẹn sì ni màmá náà fi gbà. Àwọn kan kò gbà mí gbọ́. Ohun tí mo kọ́ nínú ìrìn àjò yìí ni pé ẹbí tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí, wọn kò pè é wá yin ọmọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n lè dì mú ni. Mo ti ń lọ sí ibi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láti ìgbà èwe mi, ó di òkè òkun kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

N kò tíì tú báàgì mi tán nígbà tí fóònù dún. Miss Loretta ni.

"Bísí. Àbúrò rẹ ní òun ń bọ̀ wá jẹun lẹ́yìn ìsìn. Mo sè, mo bò ó, kò wá."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ bá wa bá a wí."

"Mo ti bá a wí. Ìwọ náà bá a wí."

Mo pe Rónkẹ́, mo bá a wí dáadáa. Ó gbọ́ mi dópin, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ó ti wá di ẹni méjì tó ń bá mi wí báyìí?"

Mo ní, "Ta ló ní kí o ya fíìmù?"